Fìlà Ọjọ́ Àìkú

Bàbá mi kì í kọ́ fìlà rẹ̀ sí ìṣó tí gbogbo wa ń lò.
Tirẹ̀ dá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lókè,
níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.
Mo rò pé ìgbéraga ni.

Ní Kilvarrick, létí òkun Skọ́tílándì,
inú iyanrìn ni wọ́n ri ilé iṣẹ́ náà mọ́,
ahéré kan níbí, ahéré kan lọ́hùn-ún, òkìtì láàárín wọn,
kí èyí tó bá bú gbàmù má baà pe èkejì.
Lẹ́nu géètì, wọ́n a tú irun Effie Lennox wò
bóyá píìnì kan ṣẹ́ kù síbẹ̀,
wọ́n a tú àpò wò nítorí ìṣáná,
wọ́n a yí bàtà padà nítorí ìṣó.
Kò sẹ́ni tó yẹ àyà wò.

Àpótí ẹlẹ́sẹ̀ kan ni Bàbá ń jókòó lé,
ẹsẹ̀ kan péré, bí olú.
Bí oorun bá gbé e, àpótí á dà á nù,
á sì jí kí òróró inú ìkòkò òjé tó gbóná kọjá ààlà.
Òróró náà dùn, ó ní, ó dùn bí ṣúgà,
ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń lá a lẹ́ẹ̀mejì.
Kò tilẹ̀ dúró de ẹnu. Awọ ara ló ń gbà wọlé,
bí àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbà á síṣẹ́, orí fọ́ ọ
tó fi ń di ògiri mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi.
Ní ọjọ́ kẹrin, ó lọ.
“Ara ti mọ̀ ọ́n,” ni àwọn àgbà ibẹ̀ wí, wọ́n rẹ́rìn-ín.
Ṣùgbọ́n ara a máa gbàgbé.
Ìsinmi ọjọ́ kan ààbọ̀ ti tó o láti gbàgbé,
bó bá wá di ọjọ́ Ajé, tó yẹ kówó wọlé,
orí ni yóò máa san gbèsè.
Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra díẹ̀ mọ́ inú ọ̀já fìlà
lọ́sàn-án Àbámẹ́ta,
kí ó máa bá wọn gbé.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Òjò ń rọ̀.
Bàbá wà nínú ọpọ́n ìwẹ̀ lẹ́yìnkùlé.
Mo gun àga, mo dé fìlà, mo wo dígí,
mo ń húkọ́ bíi tirẹ̀.
Kí ìyá mi tó ra búrẹ́dì dé, mo ti nà sílẹ̀ nídìí ààrò,
alágbẹ̀dẹ méjì ń lu irin lágbárí mi.
Ìyá kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbóòórùn irun mi.
Ó ju fìlà náà sínú òjò,
ó ń pariwo mọ́ ọn bí ẹni ń lé ajá.

Bàbá lọ ṣọ́ọ̀ṣì lórí òfo.
Ọjọ́ Àìkú ni ó kú,
lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Dókítà Pringle kọ “ọkàn” sínú ìwé.
Ohun kan ṣoṣo tó kọ nìyẹn.

Ogún ọdún kọjá kí n tó gbọ́ ọ lẹ́nu Effie:
ọkàn tó ti fara ti òróró yẹn pẹ́,
bí o bá yọ òróró lójijì,
yóò ṣubú bí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ kan.
Effie ò mọ̀ nípa òjò. N ò sọ fún un.
N ò sọ fún ìyá mi pẹ̀lú.

Nísinsin yìí àyà ń dun òun náà.
Wọ́n fún un ní hóró funfun, kékeré, abẹ́ ahọ́n ni kó máa fi sí.
Mo ka orúkọ ara ìgò. Mo mọ orúkọ náà.
Ó pa ojú dé, ó ń dúró kí ó yọ́.
“Ó dùn díẹ̀,” ni ó wí.
Lẹ́yìn náà, “Orí ń fọ́ mi.”
Mo bá a ṣí fèrèsé.